Ọjọ́ Orí Pápá

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jọ̀wọ́ fara balẹ̀ kà á. N kò ní purọ́ fún ọ pé ìtàn inú rẹ̀ dùn. Ó ń rùn ni. Bí mo ṣe ń kọ ọ́, inú mi ń rú, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì dìde lọ fọ ọwọ́ mi bí ẹni tó fọwọ́ kan òkú eku. Ṣùgbọ́n egbò tí a kò bá ṣí aṣọ kúrò lójú rẹ̀, ta ló fẹ́ bá wa wẹ̀ ẹ́? Nítorí náà, jẹ́ ká ṣí i.

Ọkùnrin kan wà tó ní akádẹ́mì bọ́ọ̀lù. Awòdì ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí ojú rẹ̀ mú. Kí ogójì ọmọ máa sáré kiri lórí pápá, kí Awòdì tó mu omi ife kan tán, á ti mọ èyí tí Ọlọ́run fún ní ẹsẹ̀. Á kàn na ìka sí i pé, "Ìwọ, máa bọ̀." Kì í ṣì í mú. Ẹ̀bùn ni, Ẹlẹ́dàá ló sì fún un. Ẹ wá wo ohun tó fi ẹ̀bùn náà ṣe.

Lọ́jọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ wọ akádẹ́mì yẹn, kó tó gba jẹ́sì, Awòdì á pè é sínú yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí, á ti ilẹ̀kùn.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Méjìdínlógún, sà."

"Ìyẹn nílé yín. Nínú pápá mi, mẹ́rìnlá ni ẹ́. Tún un sọ."

"Mẹ́rìnlá, sà."

Ọjọ́ orí pápá ni wọ́n ń pe ìyẹn, torí ọmọ kékeré ni àwọn tó ń ra agbábọ́ọ̀lù ń wá. Gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ló ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá ń sùn lọ́sàn-án lẹ́yìn oúnjẹ, Awòdì á yọ́ wọlé, á gbá ọmọ kan létí jí, á bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Èyí tí oorun bá mú kó sọ òótọ́, á sá yí pápá ká títí á fi bì. Láràárọ̀, wọ́n á tò síwájú dígí kan, wọ́n á máa fi abẹ fá irùngbọ̀n. Abẹ kan náà ni fún gbogbo wọn. Àgbọ̀n á yi, á kún fún kókó, ohùn á ti ki bíi ti bàbá onílé, wọ́n á ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Tùẹ̀!

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí irọ́ yìí fi rọ Awòdì lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀. Òun náà ń gbé inú rẹ̀ ni. Nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n bá a yọ ọdún mẹ́wàá kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀, kò sì dá a padà mọ́. Ìwé rẹ̀ ní ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá gbà bẹ́ẹ̀, ó tún máa ń fi ewú orí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó yá jù.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ tí wọ́n bí tẹ̀lé e, ló ń fọ jẹ́sì nínú akádẹ́mì náà. Afọṣọ ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Afọṣọ, òun kò sì yọ ọdún kankan nínú tirẹ̀. Ǹjẹ́ o rí wàhálà tó wà níbẹ̀? Níwájú èèyàn, Awòdì gbọ́dọ̀ máa pe àbúrò rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sá jẹ́sì yẹn." Afọṣọ á sì dá a lóhùn pé, "Mo ti gbọ́, ìwọ lọ." Kìkì ìgbà tí kò bá sí ẹnì kankan nítòsí ni àbúrò tó lè pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti fi ṣe eré yìí. Àgbàlagbà tó ta ipò àgbà rẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù, kí ni kò ní tà?

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ báyìí. Bí inú rẹ bá tètè ń rú, dì í mú.

Àwọn àlejò ń bọ̀ láti òkè òkun lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, wọ́n fẹ́ wo àwọn ọmọ náà, kí wọ́n mú èyí tó bá wù wọ́n lọ. Ogún ọdún ni Awòdì ti ń retí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe gbọ́ ni ó sọ ìdánrawò di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, lórí ilẹ̀ tó le bí àpáta. Ara kì í ṣe òkúta. Kí oṣù tó pé, orúnkún ọmọ mẹ́sàn-án ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú, àwọn tó sì dáńgájíá jù nínú wọn ni.

Awòdì kò gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, torí dókítà á ní kí wọ́n sinmi. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ẹṣin ló lọ. Ìyẹn fún un ní ìgò oògùn kan tí wọ́n ya orí ẹṣin sí lára, ó ní bí wọ́n bá gún un sí orúnkún ẹṣin tó ń tiro, á sáré bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí. Awòdì kó àwọn ọmọ náà wọ yàrá bọ́ọ̀lù. Síríńjì kan ló ní, abẹ́rẹ́ kan ló wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá gún ti ọ̀kan tán, á fi etí jẹ́sì nù ún, á na ọwọ́ sí èyí tó kàn. Orúnkún mẹ́sàn-án, abẹ́rẹ́ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko!

"Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín," ni ó máa ń sọ fún wọn, "ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ ní kò sí nǹkan kan, ara yín le."

Àwọn ọmọ gbọ́ràn. Ọmọ rere ni wọ́n.

Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dára jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní Kíá. Ìyá nìkan ló tọ́ ọ, obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí àwọn àlejò dé, Kíá gba bọ́ọ̀lù, ó fẹ́ yí, ló bá ṣubú lulẹ̀, kò sì lè dìde. Ara rẹ̀ gbóná janjan. Nígbà tí wọ́n fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, orúnkún náà ti wú, ó ń dán, òórùn kan sì jáde tó mú kí àwọn ọmọ yòókù sún sẹ́yìn.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan, ọ̀dọ́ ni, fi abẹ la orúnkún náà. Ọyún dà sínú abọ́. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ fi ìborùn bo imú, ó sáré jáde. Ìyá Kíá dúró níbi orí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, Awòdì dúró níbi ẹsẹ̀.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?" Dókítà bi ọmọ náà.

"Mẹ́rìnlá, mà."

"Mẹ́rìnlá kẹ̀?" ni ìyá rẹ̀ pariwo. "Dókítà, ẹ má dá a lóhùn, ibà ló ń sọ̀rọ̀. Oṣù tó kọjá ló pé méjìdínlógún géérégé. Èmi ni mo bí i, mo wà níbẹ̀!"

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibà. Ọmọ náà yíjú sí Awòdì bí ẹni tó ń wò ó bóyá ìdáhùn òun tọ̀nà.

Dókítà rí ìwò yẹn. Ó fi ìka tọ́ka sí orúnkún náà. "Ojú abẹ́rẹ́ kún ibí yìí. Kí ni wọ́n ń gún sí i?"

Kíá rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run mi! Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ètè tó gbẹ. "Kò sí nǹkan kan, mà. Mo ṣubú ni. Ara mi le."

"Kóòṣì, ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ mọ̀?"

Ìgò náà wà nínú yàrá bọ́ọ̀lù, nínú páálí bàtà àtijọ́. Awòdì rántí rẹ̀, ó rántí ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó la ẹnu. "Ọmọ náà ti sọ fún yín, Dókítà. Ó ṣubú."

"Ó dáa," ni Dókítà wí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò dáa. "Oògùn tí mo ń fún un kò ràn án. Nǹkan kan wà nínú orúnkún yìí tí mi ò mọ̀, òun ló ń bá mi jà. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì rí báyìí títí di ọ̀sán ọ̀la, a máa gé ẹsẹ̀ yìí kó má baà gba ẹ̀mí rẹ̀."

Ìyá ọmọ náà ké, ó di apá Awòdì mú. "Kóòṣì, ẹ̀yin ni bàbá rẹ̀. Ẹ ràn mí lọ́wọ́, ẹ bá mi bẹ Dókítà." Ó di ọwọ́ tó gún ọmọ rẹ̀ mú, ó ń fi ọwọ́ náà nu omijé. Awòdì sì dúró, ó jẹ́ kó máa nù ún. Ó tún ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá." Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́rú, Awòdì lọ sí akádẹ́mì kí àwọn ọmọ tó dé pápá. Ó fẹ́ gbé ìgò náà jù sínú ṣáláńgá. Ẹ̀yìn yàrá bọ́ọ̀lù ni ibi ìfọṣọ wà, Afọṣọ sì ti wà níbẹ̀, ó jókòó ti apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí, kò fọ nǹkan kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀," ni ó wí, torí kò sí ẹnì kankan nítòsí.

"O ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?"

Afọṣọ ki ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, ó fa ìbọ̀sẹ̀ kan jáde. Ó ti gan bí pákó, ó pọ́n, ó ní àwọ̀ ewé, eṣinṣin sì bà lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ti Kíá ni. Ọmọ náà ti fi í pamọ́ sísàlẹ̀ pátápátá kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

"Gbé e kúrò lójú mi," ni Awòdì wí, ó sì yíjú.

"Ojú yín kò gbà á? Èmi ni mo ń fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn. Mo fi ọṣẹ sí i, mo dákẹ́, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Èmi náà jẹ̀bi. Láàárọ̀ yìí ni mo kúnlẹ̀ níbí, mo sọ fún Jésù pé mo jẹ̀bi."

"Wàásù ti dé," ni Awòdì wí. "Fọ aṣọ rẹ, jẹ́ kí n rímú mí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn àlejò ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, a máa tọ́jú ọmọ náà."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan? A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ mi. Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ nìkan ni mo mọ̀. Àbàwọ́n tí èèyàn bá fi pamọ́ sísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ kì í lọ, ṣe ló máa ń ba aṣọ tó kù jẹ́. Èyí tí wọ́n bá mú wá sí ọwọ́ afọṣọ, òun ló ń mọ́. Jésù kú nítorí irú nǹkan tó wà lọ́wọ́ mi yìí, kì í ṣe nítorí aṣọ tó mọ́. Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ tó o. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti mú un wá."

Awòdì kọjá lára rẹ̀. Ó wọ yàrá, ó fi ìgò náà sápò, ó jáde. Àmọ́ àwọn ọmọ ti dé pápá, èyí tó ń ṣọ́ góòlù sì ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án ni. Ó ń tiro. Bó ṣe rí Kóòṣì, ó fi agbára na ẹsẹ̀, ó ń rìn gbọnrangandan.

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Kíá gan-an ni. "Kò sí nǹkan kan, sà. Ara mi le."

Awòdì sún mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ọmọ náà léjìká mú. "Gbọ́ mi. Mi ò dán ẹ wò. Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Rárá, sà."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́? Ti ilé yín, èyí tí ìyá rẹ mọ̀. Jọ̀ọ́."

"Mẹ́rìnlá, sà."

"Mo ní kó o sọ òótọ́ fún mi!"

Ẹkún gbọ̀n ọmọ náà. Ó ń wo ojú Kóòṣì, ó ń wá ìdáhùn tí kò ní jẹ́ kí wọ́n lu òun, kò rí òmíràn. "Mẹ́rìnlá ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mẹ́rìnlá ni."

Awòdì tú u sílẹ̀. Ó ti kọ́ wọn débi pé òun fúnra rẹ̀ kò lè gba òótọ́ lẹ́nu wọn mọ́. Ó dìde, ó rìn dé ẹ̀yìn òpó góòlù, ibẹ̀ ló ti bì. Gbogbo oúnjẹ àárọ̀ jáde. Lẹ́yìn tí kò sí oúnjẹ mọ́, omi kíkorò ni. Ó rí ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà bí Ọlọ́run ṣe ń rí i láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì kórìíra ohun tó rí, torí kò yàtọ̀ sí ìbọ̀sẹ̀ yẹn.

Níbẹ̀, lórí eékún rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èébì rẹ̀, ó gbàdúrà. Kò mọ àdúrà ńlá. Ó ní, "Jésù, mo ń rùn. Mo ti ba àwọn ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Mi ò ní ohun tí mo lè sọ. Ṣàánú mi, fọ̀ mí, bí O bá ṣì lè fi ọwọ́ kàn mí." Kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan, kò gbọ́ ohùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, ọ̀nà ṣáláńgá kọ́ ló gbà. Ó gba ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó ń sáré pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́, aago mọ́kànlá sì ti lù.

Ó gbé ìgò náà ka iwájú Dókítà, lójú ìyá Kíá. Ó sọ gbogbo rẹ̀: oògùn, abẹ́rẹ́ kan, orúnkún mẹ́sàn-án, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní, "Ọmọ náà kò ṣubú. Mo purọ́."

Dókítà kò dúró bá a wí. Ó já ìgò náà gbà, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ó pe àwọn nọ́ọ̀sì. "Oògùn yìí ló ń bo àrùn náà mọ́lẹ̀! Ẹ tún orúnkún náà fọ̀. Ẹ lọ kó àwọn mẹ́jọ yòókù wá, lọ́gán!"

Ìyá ọmọ náà mú ìgò náà lórí tábìlì, ó wo orí ẹṣin tí wọ́n yà sí i lára. Ó wá wo Awòdì.

"Ẹṣin ni mo bí?" ni ó béèrè. "Mo ní, ṣé ẹṣin ni mo bí fún ọ?"

 

Wọn kò gé ẹsẹ̀ náà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọpẹ́ sì ni fún ọwọ́ Dókítà. Ṣùgbọ́n orúnkún Kíá kò ká dáadáa mọ́, kò sì ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láyé. Wọ́n bá àrùn tí abẹ́rẹ́ kan náà kó ràn wọ́n lára mẹ́ta nínú àwọn yòókù, wọ́n ṣì ń lo oògùn. N kò ní fi àdídùn sí i fún ọ. Ọlọ́run a máa dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ kì í sanwó fún àwọn tó pa lára. Awòdì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Àwọn àlejò kò wá. Wọ́n ti akádẹ́mì náà pa, ó sì lo ọdún méjì lẹ́wọ̀n. Ìyá Kíá kò tíì dárí jì í títí di òní, ta ló sì fẹ́ dá a lẹ́bi?

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n fẹ́ ṣe ìrìbọmi fún un lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, pásítọ̀ jókòó pẹ̀lú ìwé ńlá níwájú ìjọ, ó ń kọ nǹkan nípa ẹni kọ̀ọ̀kan. Ó kan Awòdì. Pásítọ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọmọ ọdún mélòó ni yín, sà?"

Awòdì la ẹnu. Irọ́ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó dùn ún sọ, ó ti mọ́ ọn lára. Ó gbé e mì.

"Mẹ́tàlélọ́gọ́ta," ni ó wí.

"Háà!" ni ìyàwó rẹ̀ ké láti orí àga. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Afọṣọ kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde láàárín gbogbo èèyàn, ó rìn lọ síwájú, ó di ọwọ́ Awòdì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, sókè, kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, mo mọ̀ pé o ti bínú sí Awòdì. Inú rẹ ti rú sí i, o ti tutọ́. O ṣe dáadáa. Wá sọ fún mi báyìí, kí ló wà ní ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ tìrẹ? Irú èèyàn wo ni aládùúgbò rẹ mọ̀ ọ́ sí, irú èèyàn wo sì ni Ọlọ́run mọ̀ ọ́ sí? Bóyá ìwọ kò gún ọmọ kankan lábẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó o fi pamọ́, tó ti gan, tí eṣinṣin ti mọ ọ̀nà rẹ̀, o sì ń fi ẹ̀rín bò ó, o ń sọ fún gbogbo ayé pé ara rẹ le.

Má dúró de ọ̀la. Ọ̀sán ọ̀la ni Dókítà dá fún ẹsẹ̀ yẹn, wákàtí kan ló kù nígbà tí òótọ́ dé. Ta ló sọ fún ọ iye wákàtí tó kù fún ọkàn rẹ? Jésù kò ní yí imú sí ọ. Òun nìkan ni kò ní sún sẹ́yìn nígbà tó o bá fa aṣọ kúrò lójú egbò rẹ. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà, ní ṣọ́ọ̀bù, ní ọ́fíìsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, kó o mú un wá bó ṣe rí, bó ṣe ń rùn.

Jésù ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ, ó ti di ọ léjìká mú. Kò dán ọ wò, kò ní lù ọ́. Òótọ́ ló ń béèrè lọ́wọ́ rẹ lónìí. Mo bẹ̀ ọ́, má dá A lóhùn pé mẹ́rìnlá.